Ọ̀rọ̀ Tí A Ò Jẹ́ Kó Sọ Tán

Ojú ọ̀nà kan náà ni èmi àti bàbá alágbàfọ̀ ti ń wá oúnjẹ òòjọ́, ní Ajégúnlẹ̀, lápá ibi tí èèyàn ti ń yà sí Amukoko. Ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun tèmi wà lápá ọ̀tún, àtíbàbà tirẹ̀ wà lápá òsì, ọ̀nà tóóró kan àti gọ́tà méjì ló wà láàárín wa. Bí mo bá ń gẹrun fún èèyàn, tí mo gbójú sókè wo dígí, bàbá náà ni mo máa ń rí lẹ́yìn orí oníbàárà, pẹ̀lú fìlà funfun rẹ̀ àti irùngbọ̀n rẹ̀ tó ti ń hewú, tó ń lọ aṣọ. Fún ọdún púpọ̀, mi ò wo ojú ara mi nínú dígí yẹn kí n má rí tirẹ̀ pẹ̀lú.

Aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ Wharf Road ló ń fọ̀ jù, àwọn tó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọ sí ọ́fíìsì ọkọ̀ ojú omi. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Sátidé, jẹ́sì ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àdúgbò wa ló máa ń fọ̀, kì í sì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Jẹ́sì wa pupa, kì í ṣá bí tàwọn ẹgbẹ́ yòókù, torí pé abẹ́ ibòji ni bàbá máa ń sá wọn sí. Ó ní oòrùn kì í jẹ́ kí aṣọ pupa dàgbà.

Inú jẹ́sì yẹn ni agbábọ́ọ̀lù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti jáde. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó bá wa gbá bọ́ọ̀lù láìwọ bàtà, lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ ńlá kan mú un, ká tó mọ̀, wọ́n ti ń fi í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìyá rẹ̀ ṣì ń gbé ní òpin àdúgbò wa. Bí ó bá wá kí ìyá rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló máa ń kọ́kọ́ yà sí, kí n gẹ orí fún un.

Èmi ni mo sì dá irun rẹ̀ yẹn sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Ọjọ́ kan tí eré ńlá kù sí dẹ̀dẹ̀, mo ti fi kílípà gẹ ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ kan tán, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìkejì ni wọ́n mú iná lọ. A dúró, dúró, iná ò dé. Abẹ́ ni mo fi parí rẹ̀. Ibi tí kílípà dé àti ibi tí abẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ kò bára mu, ni mo bá fa ìlà kan láti òkè etí lọ sí ìpàkọ́ láti fi bo àṣìṣe náà. Ó wo dígí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Lọ́jọ́ kejì, ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Kó tó pẹ́, gbogbo ọmọkùnrin Ajégúnlẹ̀ ló ń fẹ́ ìlà. Mo ní kí ayàwòrán kan bá mi yà á sórí pátákó ẹnu ọ̀nà tí mo to oríṣi irun sí, ó bọ́ sí nọ́ńbà méje. Ẹni tó bá wọlé kì í sọ púpọ̀. "Méje" ló máa wí, á sì jókòó.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nígbà òjò, ó mú ọkọ̀ tuntun wá kí ìyá rẹ̀. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Omi ti bo ilẹ̀, èèyàn ò mọ ibi tí gọ́tà wà yàtọ̀ sí ibi tí ọ̀nà wà. Bàbá alágbàfọ̀ ń gbé báàfù aṣọ bọ̀ láti ibi ẹ̀rọ omi. Ọkọ̀ náà yà fún kòtò kan, táyà yọ̀, ó gbá bàbá ṣubú sẹ́bàá gọ́tà, táyà iwájú sì gun ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù ni mo ti gbọ́ ìró rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá tẹ pákó tó ti jẹrà mọ́lẹ̀.

Ọmọkùnrin náà bọ́ sílẹ̀. Kò sá. Mo fẹ́ kí èyí yé ẹni tó bá ń kà á, torí pé ohun tí ìwé ìròyìn kọ lẹ́yìn náà yàtọ̀. Ó bọ́ sínú omi pẹ̀lú bàtà funfun lẹ́sẹ̀, ó kúnlẹ̀ ti bàbá, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Bàbá, ẹ..."

Ibi tó bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí àwa fi dé. Ẹ̀rù ló ń bà wá nítorí rẹ̀. Tí ọlọ́pàá bá bá a níbẹ̀ ńkọ́? Tí àwọn èèyàn àdúgbò kejì bá rọ́ dé, tí wọn ò mọ̀ ọ́n, tí wọ́n sọ òkò lu ọkọ̀? Kápúténì ẹgbẹ́ wa ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó ní, "Máa lọ. Àwa la máa gbé bàbá lọ sí ọsibítù. Máa lọ jàre." Gbogbo wa bá a gbè é: máa lọ, máa lọ. Wọ́n fà á dìde, wọ́n tì í sínú ọkọ̀. Ó ṣì ń wo ẹ̀yìn. Èmi ni mo pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà dé.

A gbé bàbá lọ sí ọsibítù lóòótọ́, a ò purọ́. Wọ́n to eegun náà, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ kò ká mọ́. Nígbà tó padà dé, káfíńtà bá a kan àpótí gíga kan tó lè máa jókòó lé lọ aṣọ, ó sì ń fi ọ̀pá rìn. Ẹni tó bá béèrè ẹsẹ̀ náà, èsì kan ló ní: "Ó ti ń san." Kì í fi kún un.

Àwọn dókítà ló béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ló ṣe é. Ó sọ ohun tó ṣe é. Ibẹ̀ ni ọlọ́pàá ti gbọ́, kò sì pẹ́ tí ìjọba fi gbé ọmọ wa lọ sí kóòtù. Ẹ̀sùn méjì ni wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀: pé ó wakọ̀ níwàkuwà, àti pé ó gbá èèyàn, kò dúró. Fọ́tò rẹ̀ wà níwájú ìwé ìròyìn, pẹ̀lú ìlà tí mo fà sí i lórí.

Ní àdúgbò wa, kò sẹ́ni tó gbà pé ìjọba lè dá ẹjọ́ pè láìsí ẹni tó rán an. Wọ́n ní bàbá ló pe ọmọ wa lẹ́jọ́. Mo bá wọn jiyàn lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, mo sì dákẹ́, torí pé àwọn oníbàárà mi ni. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn. Àwọn ará àdúgbò kó aṣọ wọn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kápúténì wá kó jẹ́sì, ó ní ìyàwó ẹnì kan á máa bá wọn fọ̀ ọ́. Bàbá kó o fún un, ó ti ká a, ó ti lọ̀ ọ́. Ìyẹn dùn ún ju ti aṣọ yòókù lọ. Láàárọ̀ Sátidé, okùn tó wà lábẹ́ ibòji wà lófìfo, bàbá á sì máa wò ó.

Èmi àti òun kò yẹra fún ara wa. Bí ọwọ́ bá dilẹ̀, á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi. Ọ̀rọ̀ kan náà ló sì máa ń padà sí.

"Gẹ́rígẹ́rí," á ní, "ọmọ yẹn fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní 'Bàbá, ẹ.' Ẹ ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ ló fẹ́ sọ, Bàbá."

"Èmi náà mọ̀. Ṣùgbọ́n kó wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

Ohun tó ń dúró dè nìyẹn. Kò sọ̀rọ̀ adájọ́, kò sọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n. Ó fẹ́ kí ọmọ tí òun fọ jẹ́sì rẹ̀ láti kékeré wá dúró níwájú òun, kó sì parí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Mo bi kápúténì, tó máa ń lọ sílé rẹ̀, pé kí ló dé tí kò tíì wá. Ó ní lọ́yà ló ní kò gbọdọ̀ dé ìtòsí bàbá títí ẹjọ́ á fi parí. Tó bá lọ kí i, á dà bíi pé ó gbà pé òun jẹ̀bi. Mo sọ ọ́ fún bàbá bẹ́ẹ̀.

"Ṣé ẹni tó bá ní pẹ̀lẹ́ ló jẹ̀bi?" ó ní. "Nígbà tí ọ̀pá yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ lánàá, ìwọ náà ní pẹ̀lẹ́. Ṣé ìwọ lo gbá mi?"

Mo mú ìgbálẹ̀, mo ń gbá irun ilẹ̀.

Ọlọ́pàá wá sí àdúgbò láti wá ẹlẹ́rìí. Wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù mi náà. Mo ní orí oníbàárà ni mo ń wò, mi ò wo ìta. Ẹni tí wọ́n bá bi ní ìta ní òun wà ní mọ́ṣáláṣí, ẹlòmíràn ní òun wà nínú ilé. Bàbá nìkan ló sọ pé òun wà níbẹ̀, ó sì tún sọ pé ọmọ náà dúró, àwọn èèyàn ló lé e lọ. Ọlọ́pàá ní àwọn wo? Bàbá ní ilẹ̀ ti ń ṣú, òun ò rí ojú wọn. Ó rí ojú wa dáadáa.

Ẹjọ́ náà ń lọ, ó ń bọ̀, wọ́n ń sún un síwájú. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni rédíò mi sọ ọ́, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù kún. Agbẹjọ́rò ìjọba ti sọ fún kóòtù pé ìjọba ò bá agbábọ́ọ̀lù náà ṣẹjọ́ mọ́, torí pé kò sí ẹlẹ́rìí mìíràn yàtọ̀ sí ẹni tí ọkọ̀ gbá. Adájọ́ ní kó máa lọ sílé.

Ariwo tó sọ kò kéré. Ẹni tí mo ń gẹ irun rẹ̀ lọ́wọ́ fò dìde pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn, ó ku díẹ̀ kí n gé e létí. Akọ̀wé kan tó ń bá àwọn agbẹ́rù ṣiṣẹ́ ní Wharf Road, tó máa ń ka ìwé ìròyìn fún wa, ní ká rọra.

"Wọn ò ní kò jẹ̀bi o," ó ní. "Wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́ ni."

"Kí wá ni ìyàtọ̀ rẹ̀?" kápúténì béèrè.

"Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó dá a láre. Ọ̀rọ̀ náà kàn wà níbẹ̀."

Ọkùnrin kan tó ń já ẹrù ní èbúté, tó jẹ́ ará Delta, kò jẹ́ kó parí rẹ̀. "Oga, leave grammar. E don free." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn ló sì ṣẹ́gun. Kò pẹ́ tí ìta gba ariwo. Àwọn obìnrin ń lu ìkòkò, ọlọ́kadà ń fun fèrè, àwọn ọmọdé tò lẹ́yìn ara wọn, wọ́n dúró síwájú àtíbàbà bàbá, wọ́n ń kọ ọ́ bí orin: "Alágbàfọ̀, fọ èyí wò! Alágbàfọ̀, fọ èyí wò!" Kò sí àgbàlagbà kan tó lé wọn.

Mo wo dígí. Bàbá gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀, ó mú ọ̀pá, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó wọlé sáàárín wa. Mo rò pé ó fẹ́ gbé wa ṣépè ni.

"Ṣé lóòótọ́ ni?" ó ní. "Ẹjọ́ ti parí?"

"Ó ti parí, Bàbá," kápúténì ní. Kò wo ojú rẹ̀.

"Kò sí nǹkan tó kù níbẹ̀? Lọ́yà ò tún ní ní kó má rìn?"

"Kò sí nǹkan tó kù."

"Alhamdulilahi," bàbá ní. "Ó wá lè wá báyìí."

Ó yíjú padà, ó ń lọ sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tó jáde, kápúténì ní, "Bàbá yìí ń pẹ̀gàn wa." Mo mọ̀ pé kò pẹ̀gàn ẹnikẹ́ni. Mo fi kílípà sí orí tó wà níwájú mi, mo ń gẹ̀ ẹ́ lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, iṣẹ́ pọ̀ ju agbára mi lọ. Gbogbo ẹni tó ti fi nọ́ńbà méje sílẹ̀ nígbà ẹjọ́ ló padà wá fún un, títí kan àwọn tó ní irun náà kò bu iyì fún èèyàn mọ́. Mo gẹ méje títí ìka ọwọ́ mi fi ń jó mi. Ìròyìn sì dé pé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ wa ń bọ̀ wá kí ìyá rẹ̀ àti gbogbo àdúgbò.

Láàárọ̀ Sátidé, kí oníbàárà kankan tó dé, bàbá wọlé, ó jókòó sórí àga gan-an, kì í ṣe sórí bẹ́ǹṣì. Ó ṣí fìlà rẹ̀.

"Gẹ méje fún mi," ó ní.

Mo rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́. "Bàbá, ti ọmọdé ni."

"Mo mọ̀."

"Wọ́n á fi yín ṣẹ̀sín."

"Ṣé wọn ò ti ń fi mí ṣe é ni?" Ó fi fìlà náà sórí itan rẹ̀. "Gbọ́, gẹ́rígẹ́rí. Ọmọ yẹn ń bọ̀ lọ́la. Tó bá rí mi bí mo ṣe wà tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ojú líle yìí àti ọ̀pá, ẹ̀rù á bà á, á rò pé mo fẹ́ dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá rí irun, á rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti rẹ́rìn-ín lè sún mọ́ni. Fá irùngbọ̀n yìí náà dànù. Irùngbọ̀n yìí jọ ti ẹni tó ń ti kóòtù bọ̀."

Mo gẹ̀ ẹ́. Irun àárín orí rẹ̀ ti fọ́nká, ìlà ò fi bẹ́ẹ̀ hàn, ni mo bá fi tìróò tọ ìlà náà kó lè dúdú. Kò tíì sí ìgbà tí mo rí orí bàbá láìsí fìlà. Nígbà tí mo parí, tí a jọ wo dígí, mi ò mọ ẹni tó jókòó níwájú mi. Bàbá náà wò ó, ó fọwọ́ kan àgbọ̀n rẹ̀ tó ń dán, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó dáa," ó ní.

Ó jáde bẹ́ẹ̀ láìdé fìlà. Àdúgbò pé jọ wò ó. Àwọn kan rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn, àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin èbúté yẹn fọwọ́ lé e léjìká, ó ní, "Baba don turn small boy." Wọn ò kọrin mọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹni méjì ti gbé aṣọ padà wá fún un. Kápúténì dúró wò ó láti ọ̀ọ́kán, ó ní, "Bàbá, ẹ ṣe bí àgbà." Lójú tiwọn, ó ti tọrọ àforíjì. Bàbá ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbà á sí. Èmi mọ̀.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ọkọ̀ náà dé pẹ̀lú èèyàn lẹ́yìn bí omi. Ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ wa kọ́kọ́ yà sí, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó ti rù díẹ̀. Ó kí mi, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta," ó jókòó, mo ta aṣọ sí i lọ́rùn. Ṣọ́ọ̀bù kún débi pé wọ́n ń wò wá láti ojú fèrèsé. Ní òdìkejì, bàbá ti wọ dàǹṣíkí tó fi máa ń kírun ọdún, ó jókòó sórí àpótí gíga rẹ̀, ó ń lọ aṣọ. Ó ti fi ọ̀pá pamọ́ sábẹ́ tábìlì.

Mo ń fi pọ́dà sí ọrùn ọmọ wa nígbà tó fi ohùn kékeré bá kápúténì sọ̀rọ̀.

"Bàbá yẹn ńkọ́?"

"Bàbá wo?"

"Bàbá tó ń fọ jẹ́sì."

"Ó wà. Ara rẹ̀ ti le."

"Mo fẹ́ lọ rí i."

"Fi í sílẹ̀ jàre," kápúténì ní. "Ọ̀rọ̀ tó ti tán, o fẹ́ lọ tú u? Bóo bá débẹ̀ báyìí, ìwé ìròyìn á gbé e lọ́la pé o lọ bẹ̀bẹ̀."

Mo mú abẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà. Ọmọ wa gbójú sókè sínú dígí, mo rí ibi tí ojú rẹ̀ lọ. Ó lọ sí òdìkejì ọ̀nà, sórí àpótí gíga. Ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu.

"Ta nìyẹn?" ó ní. "Bàbá yẹn náà gbé irun mi."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. "Papa sef dey your side," ọkùnrin èbúté ní. Kápúténì ò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí nínú dígí, mo wò ó. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kó jáde, èmi tàbí òun la lè sọ ọ́. Òfin kan wà tí ọ̀gá mi kọ́ mi, pé gẹ́rígẹ́rí kì í sọ̀rọ̀ nígbà tí abẹ́ bá wà lórí èèyàn. Òfin yẹn ni mo dì mú. Ṣùgbọ́n mo fa ìlà náà tán, mo gbé abẹ́ kúrò, mo gbọn irun dànù, mi ò sì tíì sọ̀rọ̀. Inú mi ń dùn pé ṣọ́ọ̀bù mi kún. Bó ṣe rí nìyẹn.

Wọ́n gbé e jáde. Ọkọ̀ ń rọra lọ láàárín èrò, sílé ìyá rẹ̀. Nígbà tó dé iwájú àtíbàbà, bàbá gbá tábìlì mú, ó dìde lórí ẹsẹ̀ tó dáa. Ó ti ya ẹnu. Ọmọ wa na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé ọkọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, irun yẹn mà yẹ yín o." Ọkọ̀ sì kọjá.

Lẹ́yìn tí èrò ti tú ká ní ṣọ́ọ̀bù, bàbá yọ ọ̀pá rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó sọdá wá. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Ó kí mi," ó ní. "Ó ní irun yẹ mí."

"Mo gbọ́, Bàbá."

Ó wo ilẹ̀. Irun àwọn èèyàn ṣì wà nílẹ̀ káàkiri, mi ò tíì gbá a.

"Ṣé ó mọ̀ pé èmi ni?"

Mo lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti parọ́ fún ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀, kò ṣòro. Ṣùgbọ́n mo wo orí rẹ̀, ìlà tí mo fi tìróò tọ̀ ti ń ṣàn bá òógùn lọ sẹ́yìn etí.

"Kò mọ̀, Bàbá. Ó béèrè yín, kò mọ̀ pé ẹ̀yin ni òun ń wò. Ó yẹ kí n ti sọ fún un."

"Ó béèrè mi?"

"Ó ní bàbá tó ń fọ jẹ́sì ńkọ́. Ó ní òun fẹ́ rí yín."

Ó mi orí, ó pẹ́ lẹ́nu mímì náà. Kò bá mi wí. Ó ní kí n gẹ gbogbo rẹ̀ wálẹ̀. Mo gẹ̀ ẹ́ kodoro. Ó mú fìlà rẹ̀ lápò, ó dé e, ó padà sí òdìkejì.

Mo lọ sílé ìyá ọmọ wa nírọ̀lẹ́ yẹn, mo bá a pé ó ti lọ. Kò pẹ́ sí i, ẹgbẹ́ kan ní òkè òkun mú un, kò sì tíì padà jókòó sórí àga mi láti ìgbà náà. Nọ́ńbà méje ṣì wà lórí pátákó, òjò ti fọ ojú rẹ̀. Mo ń pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ dè é, pé bàbá tó ń fọ jẹ́sì ló rí lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí Sọ́ńdè yẹn pé ọ̀sẹ̀ kan, kápúténì gbé àpò jẹ́sì dé àtíbàbà bàbá. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń gbọ́ wọn.

"Bàbá, jẹ́sì rèé o," ó ní, ó sọ ọ́ sílẹ̀. "Obìnrin yẹn sá gbogbo rẹ̀ sóòrùn. Ẹ wò ó bó ṣe ń funfun."

Bàbá ò fọwọ́ kàn án. "Gbé e fún ẹlòmíràn."

"Ẹ ṣì ń bínú sí wa?"

"Mi ò bínú."

"Kí ló wá dé, Bàbá?"

Bàbá gbé áyọ́ọ̀nù lé ìdúró rẹ̀. "Ẹsẹ̀ ń dùn mí," ó ní.

Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti gbá a, mi ò gbọ́ kó sọ bẹ́ẹ̀ rí, fún èmi tàbí fún ẹlòmíràn. Kápúténì náà ò sì ronú kó tó dáhùn, torí pé kò sẹ́ni tí wọ́n tọ́ láàárín wa tó ń ronú kó tó dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lóhùn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá," ó ní.

Bàbá wò ó. Ó wò ó pẹ́ débi tí kápúténì fi gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ó sún mọ́ tábìlì, ó tún un sọ, lóhùn tó relẹ̀: "Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ pẹ̀lẹ́, sà."

"Mo gbọ́," bàbá ní. "O ṣé."

Kápúténì dúró, ó ń wo àpò náà. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kó jẹ́sì sínú báàfù, ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ jẹ́sì fúnra rẹ̀, bí ẹni tí kò fọ aṣọ rí, ọṣẹ ń ta sí i lójú. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo sọdá lọ bá a fún omi inú wọn dànù. Nígbà tí a kó o dé, mo fẹ́ sá a sórí okùn tó súnmọ́ ọ̀nà.

"Kì í ṣe ibẹ̀ yẹn," bàbá ní láti orí àpótí rẹ̀. "Abẹ́ ibòji."